Àmì Pupa Tíṣà Oyèlékè

Láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1988, odindi agboolé kan lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán kó ẹrù síta. Wọ́n jí, wọ́n bá X pupa ràgàjì lára ògiri wọn. Ta ni ò mọ̀ pé bí ìjọba bá ti kọ ọ́ sára ilé, katapílà ń bọ̀ nìyẹn? Marufat aránṣọ ti ru maṣíìnì rẹ̀ sórí, ó ń sunkún, kí Tíṣà Oyèlékè tó yọ sí wọn, ṣọ́ọ̀kì pupa lọ́wọ́.

"Ẹ má bẹ̀rù. Èmi ni mo kọ ọ́. Àpẹẹrẹ ni."

"Àpẹẹrẹ kí ni, Bàbá?"

"Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara yín."

Ó ní ohun kékeré kan wà nínú ara tó ń jẹ́ yubíkuitínì. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì tó bá ti gbó. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́, purotéènì náà di wíwó, bí ilé tó gba X. Wọ́n dúró ti ẹrù wọn, wọ́n gbọ́ ọ dópin. Látìgbà tí Tíṣà ti fẹ̀yìntì, kíláàsì rẹ̀ kò kún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ayé ni pé ìwé sọ pé purotéènì nìkan ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tíṣà ní irọ́ ni. Ọwọ́ tó kọ X sára ilé lè kọ ọ́ sára igi ìdí ilé. Bó pẹ́ bó yá, wọn yóò bá àmì náà lára ọ̀rá àti ṣúgà inú ara. Ó gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan fún un, èkejì, tí í ṣe ti ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn èèyàn á kí i láti òkèèrè, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá!" Kó tó dáhùn, wọ́n ti dé ọjà.

Lóṣooṣù, á wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá Mátíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé.

"Mátíù, ṣé ò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

"O ní kí n má sùn."

Nílé, ohunkóhun tí kò bá wúlò mọ́, Tíṣà á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, á sun ún ní Sátidé. Báyìí ni rédíò rẹ̀ ṣe lọ. Lọ́jọ́ kan, Marufat rí X lára àga kejì.

"Háà, Bàbá! Àga Màmá?"

"Ta ló ń jókòó sí i?"

Sátidé dé, àga wà níbẹ̀, X ti parẹ́. Marufat ò lè pa á mọ́ra, ó bi í. Tíṣà ò wojú rẹ̀. "Ẹ́ńsáìmù míì wà," ló wí, "tó máa ń tú àmì kúrò."

Ìgbà ọyẹ́ ni Tíṣà kú. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ilé mọ́, Marufat yí àga náà sójú oòrùn. Igi rẹ̀ ti pọ́n wẹ̀ẹ̀: Tíṣà ti kọ X sí i, ó ti nù ún, kò sẹ́ni tó mọye ìgbà. X kan ṣì wà lórí rẹ̀, tí kò ráyè nù. Ẹnì kan ní ṣé káwọn sun ún ni?

Marufat tú etí ìró rẹ̀, ó fi nu X náà. Mátíù, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sí i, ó kọjú sí àga Tíṣà tó ṣófo. Ó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Kò sùn.