Omi Gbígbóná fún Màlúù Ìyá Mi

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ìyá mi ò fẹ́ jáde nílé mọ́. Inú ilé wa ní Ọ̀kà ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, kò ní pe ẹnikẹ́ni, kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣe tíṣà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń gun ọ̀kadà lọ wò ó. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Màlúù oníwàrà kan tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún un ló gbé e dìde. Gbogbo wa la fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń ra màlúù fún opó. Àṣé ó mọ ohun tó ń ṣe. Kò pẹ́ tí ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko, tó ń fún wàrà, tó sì ń bá màlúù náà rojọ́ mi pé mi ò mọ èèyàn-án kí. Inú mi dùn sí ẹjọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí màlúù náà bímọ tán tí kò jẹun mọ́. Bí ẹran yìí bá lọ, mo mọ̀ pé ìyá mi á tẹ̀ lé e padà sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti wá.

Dókítà ẹran wá láti Ìkàrẹ́. Ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó ní èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ ti pọ̀ jù, ó ti ba inú rẹ̀ jẹ́. Ó ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò rere kan wà nínú ikùn màlúù, tí ojú ò lè rí, tí wọ́n máa ń jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú rẹ̀, pé èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ti kú. Ó fún ìyá mi ní pawudà kan tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ní kó máa fi omi pò ó mọ́ eèrí àgbàdo láràárọ̀. Ìyá mi ṣàdúrà fún un títí ó fi wọ mọ́tò.

Ìròyìn tí mo ń gbọ́ lórí fóònù lẹ́yìn náà ò dára. Màlúù ò jẹun. Wàrà ń gbẹ, ọmọ rẹ̀ ń fa ọmú lásán. Ìyá mi ní òun ò pa oògùn jẹ lọ́jọ́ kankan, mo sì gbà á gbọ́, torí kì í fi oògùn ṣeré. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ìtàn ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kí dókítà tún bá wa lọ wò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dé kí dókítà tó dé. Ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè. Mo bá ìyá mi nídìí ààrò, omi ń hó lórí iná. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó da eèrí sí i, ó bu pawudà lé e, ó sì rò ó dáadáa. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi gbígbóná ló fi ń wẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná ló ń mu, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé nǹkan tútù fún un. Bí ìyá mi ṣe tọ́jú èmi náà nìyẹn nígbà tí mo bímọ.

Dókítà wọlé, ó wo ìkòkò, ó rọra béèrè bóyá bó ṣe ń pò ó láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

"Abiyamọ ni," ìyá mi dáhùn. "Ta ló ń fún abiyamọ lómi tútù nínú ọyẹ́?"

"Màmá, ohun tó wà nínú oògùn yẹn, ẹlẹ́mìí ni. Omi gbígbóná ń pa á."

Ó ní òun ni òun ò ṣàlàyé tó. Ó fi omi tútù po òmíràn, ó fi ìgò rọ ọ́ sí màlúù lẹ́nu, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹran náà ti dùbúlẹ̀, kò lè dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi pè lórí fóònù, ó ní ká wá alápatà kí ẹran náà tó kú, torí Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ òkú ẹran. Ìyá mi ní kí wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n pa á tán, àwọn aládùúgbò ń gbé abọ́ bọ̀ wá gba ẹran, mo káwọ́ sẹ́yìn nínú ọgbà wa bí àlejò.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo po mílíìkì sínú ìgò, mo gbé e sí i lẹ́nu, ó gbé ẹnu kúrò. Mo bẹ ìyá mi kó wá bá mi mú un, torí òun nìkan ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì kì wọ́n bọ abẹ́ ìborùn.

"Fún un fúnra rẹ," ó ní. "Ọwọ́ mi yìí ò ní kan ohun ẹlẹ́mìí mọ́."

Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ọmọ màlúù ń ké, mo di ìgò mú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá mi tó mọ̀ ọ́n ń wò wá, kò sì dìde.