Mo pe Àkànní nínú igbó

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ wa, ìyàwó Délé ọmọ mi bí ọkùnrin. Fúnmi, ọmọ mi obìnrin, ti wọlé ọkọ. Ara wọn le.

Láàárọ̀ yìí, àkọ́bí mi, Àkànní, lọ dán ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wò lára ìmàdò tó ń hú ẹ̀gẹ́ mi lóko, lẹ́yìn Ikpoba Hill ní Benin. Mo tẹ̀ lé e.

Ó ní, "Màmá, ẹ dúró sẹ́yìn igi yìí. Ẹ má sọ̀rọ̀ o."

Ìmàdò yọ. Àkànní yin ẹnu kan, kò bà á. Ẹranko náà kọjú sí i, ó ń sáré bọ̀.

Ẹ̀rù mú mi, mo ké pé, "Àkànní."

Ẹ mọ bí mo ṣe tọ́ àwọn ọmọ mi: ìyá kì í pè kí ọmọ má yíjú. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin yìí yíjú sí mi, ó ní, "Mà?"

Mo nawọ́ sí ìmàdò náà. Ó yí padà, ó yin ẹnu kejì. Ìmàdò ṣubú lé e lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Màmá, níbo lẹ fẹ́ rán mi?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lóko.

Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ̀ bá ṣe? Ẹ fèsì. Náírà mẹ́wàá tí a máa ń dá sí ẹgbẹ́ nítorí ọmọ tuntun wà nínú ìwé yìí.