Ẹ̀yìn Òsì Mẹ́ta, Aṣọ́lé Kan

Ọmọ-ọmọ mi ra bàtà bọ́ọ̀lù lóṣù tó kọjá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà! Mo ní kó tún un sọ, bóyá etí mi ló ti di. Náírà mẹ́fà ni mo ra tèmi lọ́wọ́ aránbàtà kan ní Pápá Àjàó, ó sì tún bá mi kan ìṣó sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde nígbà náà ni, mo wà ní yunifásítì, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó máa rìnrìn àjò sára páálí. Èèyàn méjìdínlógún ni ọkọ̀ wa ń gbà.

Ohun kan ló fẹ́ ba ẹgbẹ́ náà jẹ́: kò sẹ́ni tó lè sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó jókòó. Ẹni tó bá ti pẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ń kọ́kọ́ wọlé. Lọ́jọ́ kan, kóòṣì ní kí n fa ìlà sórí pépà, kí n kọ ipò tí kálukú ń gbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n kọ ọdún tó wà nílé ìwé sókè. Ojú tì mí. Mọ́kànlá ló wà ní ọdún ìkẹyìn. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn òsì mẹ́ta la ní, gbogbo wọn ló ń jáde lọ. Aṣọ́lé kan ṣoṣo, òun náà ń lọ. Lábẹ́ ọdún kìíní, kò sí orúkọ kankan.

“Tí àwọn bàbá wọ̀nyí bá lọ tán, ta ló máa ṣọ́lé? Ìwọ?” Kóòṣì ló bi mí bẹ́ẹ̀. “Yọ ẹ̀yìn òsì kan. Fi ọmọ ọdún kìíní tó máa ń ṣọ́lé nígbà ìdánrawò, tí orúkọ rẹ̀ ò tíì wọ páálí rí, sí i.”

Ẹni tó yẹ kí n yọ ni ẹ̀gbọ́n tí mò ń bá gbé nílé ìyá rẹ̀ ní Àgùdà. Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jẹ́ ẹni kọkàndínlógún, tí ọkọ̀ ń fi í sílẹ̀. Ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, ìrìn àjò Ìbàdàn ní Sátidé ló sì kẹ́yìn.

Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kun bàtà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nípa ti Sátidé…”

“Wo bàtà mi! O lè fi ṣe jígí.”

“Orúkọ yín ò sí níbẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà!”

Mo fi pépà náà hàn án. Ó wò ó títí. “Àwa mẹ́ta la wà níbí. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?”

“Ẹ̀yin lẹ lọ́ra jù, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó kó bàtà rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ní Sátidé, ní Ìbàdàn, wọ́n ti jẹ wá ní góòlù kan nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ìlà: “Ẹ̀yìn òsì, ṣé o ń sùn ni? Wọ́n mà ní èmi ni mo lọ́ra jù!” Òun ni. Ó ti wọ ọkọ̀ èrò ní Jíbówú, ó wá fúnra rẹ̀. Wọ́n jẹ wá ní méjì sí òdo, aṣọ́lé tuntun ò sì kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí à ń padà, ẹ̀gbọ́n bá wa wọ ọkọ̀, ó jókòó sórí àpò bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà. Mo dìde fún un.

“Jókòó jàre. Méjìdínlógún lo kọ.” Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀pà mi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ yẹn ló ṣọ́lé fún wa, àwọn ẹ̀gbọ́n sì ti lọ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún fa irú ìlà yẹn. Iwájú: ẹnì kan ló kù láyé. Àárín: méjì, ojú ọ̀kan ò ríran mọ́. Ẹ̀yìn ọ̀tún: kò sí. Aṣọ́lé: ọmọ ọdún kìíní yẹn, tó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ̀yìn òsì: ẹnì kan péré nínú àwọn mẹ́ta, ní Àgùdà, èyí tó lọ́ra jù.