Ìjókòó Táyé

N kò lè búra nípa àwọ̀ aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ wá, n kò sì mọ̀ bóyá ọyẹ́ ni tàbí òjò. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni: mo ti kúrò ní yunifásítì, n kò ríṣẹ́, mo sì ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Rájí ní Ìlá.

Obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀, Kẹ́hìndé, wá láti Ọ̀rà. Ó tú àpò ọ̀rá, ó mú bùbá, ṣòkòtò àti fìlà kékeré jáde.

"Ti Táyé ni," ó ní. "Ó ti lọ sọ́jà." A kì í sọ pé ìbejì kú. "A ò ya fọ́tò rẹ̀ rí, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú mọ́ mi lọ́kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi í ti èkejì rẹ̀."

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀gá mi. A ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, a ó ya ọmọ tí ó kù. A kò ní yí fíìmù síwájú; a ó pààrọ̀ aṣọ àti ìjókòó rẹ̀, a ó gbé páálí sí ìdajì kejì, a ó tún yà á. Ọmọ kan á wá di méjì nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Ọ̀gá ya ti Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì lé orúnkún, bí a ti máa ń jókòó fún fọ́tò. "Má rẹ́rìn-ín o, eyín rẹ á tàn ju fíláàṣì lọ." Dájúdájú, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, a sì dúró títí ó fi parí rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n ya èkejì.

A wọ aṣọ Táyé fún un. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Jókòó bí i ti Táyé." Ọmọ náà wò ó, ó ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ itan, ó sì jókòó lé e. Mo tẹ kámẹ́rà.

"Bísí! Ọwọ́ kejì dà? Ta ni yóò gba fọ́tò ọlọ́wọ́ kan?" ni ọ̀gá mi pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé..."

"O rò! Fíìmù kì í gba ìrònú padà."

Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ti ṣí fìlà, ó ti bú sẹ́kún, kò sì gbà kí a wọ aṣọ náà fún òun mọ́. "Ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Nígbà tí ó padà wá gba fọ́tò náà, ọ̀gá ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìhà Kẹ́hìndé lára fọ́tò náà, ó tẹjú mọ́ ìhà kejì títí. "Òun nìyí," ó ní. "Òun gan-an nìyí."

N kò gbà á gbọ́. Ojú Kẹ́hìndé ni mo rí níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń ṣe iyèméjì bóyá a dá ọmọ rẹ̀ padà fún un ni, tàbí a fi ojú ẹlòmíràn pa ìyókù ojú Táyé rẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ọ̀tan Ayégbajú, ẹ̀gbọ́n ìyá Kẹ́hìndé wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi. Mo bi í léèrè ìdí tí ọmọ náà fi jókòó lé ọwọ́.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni Táyé," ó ní. "Bí àlejò bá ti wọlé, ìyá rẹ̀ á ní kó jókòó lé e, kó má baà nà án sí àgbà."