Ta Ló Ni Ẹ̀rọ Yìí?

Ní ilé-iṣẹ́ wa ní ìlú Pangyo, Ọ̀gá Ma Deok-su ló ń kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà ńlá wa sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń fi ọwọ́ kọ ọ́. Bí a bá fẹ́ rán iṣẹ́ kan náà sí gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń lọ: "Ọ̀gá, èwo ló ṣì wà láyé?" Á rẹ́rìn-ín, á dáhùn láìwo ìwé.

Nígbà tí ẹ̀rọ pọ̀ jù, tí wọ́n ń bí wọn láàárọ̀ tí wọ́n ń kú nírọ̀lẹ́, wọ́n ní kó kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa to orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ètò náà ń wo ẹni tó ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí onítọ̀hún kò bá sí lára òṣìṣẹ́ mọ́, á yọ ẹ̀rọ náà kúrò, wọ́n á sì pa á, tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó yà sídìí tábìlì Ọ̀gá Ma mọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lé àlejò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ kan wà lórúkọ rẹ̀ tí àwòrán ẹgbẹ́ wa tó máa ń gun òkè wà nínú rẹ̀. Mọ́kànlá ni wá nínú ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ó ku èmi àti òun nílé-iṣẹ́. Jímọ̀ ló sì ń fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́rú, ó jókòó tì mí níbi oúnjẹ ọ̀sán. "Seon-ok, jọ̀ọ́, ṣé o lè bá mi gba ẹ̀rọ yẹn sórúkọ rẹ?"

Pyo Ha-rim, ọ̀gá wa tuntun, já lu ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ má bínú o, Ọ̀gá Ma. Ta ló tún ń wo àwòrán yẹn?" Ó tẹ fóònù rẹ̀. "Ẹ wò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣí i. Ojoojúmọ́ ni o!"

"Èmi ni," ni Ọ̀gá Ma wí.

Mo wà nínú àwòrán yẹn, mo di apá rẹ̀ mú lórí òkè. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ha-rim, ọmọbìnrin tí mo fi ọdún mọ́kànlá jù lọ, bà mí, mo doríkodò sí oúnjẹ mi. Ojú ń tì mí títí dòní.

"Kò burú," ni Ọ̀gá Ma wí. "Èmi ni mo kọ òfin náà."

Lọ́jọ́ Ajé, ètò rẹ̀ to orúkọ láìsí àṣìṣe. Ẹ̀rọ kan dín. Mo pe Ọ̀gá Ma lórí fóònù kí n lè sọ fún un.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo gbìyànjú láti ṣí i láàárọ̀ yìí."