Fìlà Lára Ìṣó

Ìṣó kan wà lára òpó ilẹ̀kùn kíláàsì náà, ó ti dípẹtà, ó sì tẹ̀ sókè díẹ̀ bí ìka ọwọ́ tí ń pe ènìyàn. Mo rántí ìṣó yẹn ju bí mo ti rántí ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo bá jókòó níbẹ̀ lọ. Bí a bá ti kirun Alásárì tán, n ó gba ọ̀nà ilé-ìwé girama ìlú wa lọ, ìlú kékeré kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn, n ó ṣí fìlà mi lẹ́nu ọ̀nà, n ó gbé e kọ́ ara ìṣó, n ó sì wọlé lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọdé, orúnkún mi a sì máa kan tábìlì. Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ ni mí nígbà náà. Ìdí tí mo fi ń ṣí fìlà náà, àti ohun tó bá a lọ, ni mo fẹ́ sọ.

Oko káṣú ni mo ní. Bàbá mi ló gbin àwọn tó dàgbà jù níbẹ̀, èmi ni mo gbin ìyókù. Pèrègún ni ààlà tó wà láàárín oko wa àti ti aládùúgbò wa, gẹ́gẹ́ bó ti rí káàkiri lọ́dọ̀ wa: ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ pin sí, pèrègún ni yóò wò, nítorí igi náà kì í kú bọ̀rọ̀, kò sì sí ọmọlúàbí tó jẹ́ hú u. Bàbá mi a máa wí pé ènìyàn lè purọ́ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n pèrègún kò ní ẹnu tí yóò fi purọ́. Kò rò ó débi pé ohun tí kò ní ẹnu purọ́ kò ní ẹnu jẹ́rìí. Ọkùnrin olówó kan ti ìlú ńlá wá, ó ra oko aládùúgbò wa. Kò pẹ́ tí katakata rẹ̀ fi dé. Mo dé oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a pé ó ti kọjá ààlà wọ inú tèmi, ó ti wó káṣú bàbá mi lulẹ̀, ó sì ti hú gbogbo pèrègún náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó kó wọn jọ bí igbó tí wọ́n fẹ́ dáná sun. Nígbà tí mo bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀ tó ti tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó ní, "Bàbá, ẹ fi ààlà ọ̀hún hàn mí."

Mo gbé e lọ sí kóòtù. Ìwé kẹrin ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ lóko; Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́nu mi kò ju ìkíni àti ìdágbére lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi, mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ ní ẹnu mi. Mo sọ bí bàbá mi ti gbin igi kọ̀ọ̀kan, mo sọ bí ewé pèrègún náà ṣì ti tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Ògbufọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó yíjú sí adájọ́, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ. Agbẹjọ́rò mi ní kò séwu, pé kókó ọ̀rọ̀ ti wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé adájọ́ náà lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì ní ẹjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́ tuntun. Àwọn mọ̀lẹ́bí mi káàánú mi. Èmi ń yọ̀ ní tèmi, mo ní Ọlọ́run ti fún mi láàyè láti lọ wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́.

Àgùnbánirọ̀ kan wà ní ilé-ìwé náà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, tó sì máa ń kí ènìyàn bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àǹtí Kọ́pà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó dá kíláàsì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kọ nǹkan kan, tó jẹ́ pé kí wọ́n ṣáà máa fi Gẹ̀ẹ́sì tàkúrọ̀sọ. Mo lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé pé kó jẹ́ kí n máa jókòó sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, àmọ́ kí n mọ̀ pé kíláàsì náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀: àwọn kan ń sá lọ gba bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń lọ ṣa káṣú, àwọn mìíràn ń lọ gun ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n wọn. Ó ní bó bá ti ṣófo, òun yóò ti yàrá náà pa.

Mo rò pé èmi ni n ó gbé kíláàsì náà ró. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo wọ bùbá tó mọ́, mo dé fìlà òfì tí mo dé níbi ìgbéyàwó ọmọ mi, bí ẹni pé kóòtù gan-an ni mo ń lọ. Bí mo ti wọlé, gbogbo wọn dìde, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Mo gbàdúrà fún wọn, mo jókòó. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tó tún lanu. Àǹtí Kọ́pà béèrè ohun tí wọ́n jẹ lówùúrọ̀, wọ́n wo ilẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ti gun òkè Adó-Àwáyè lọ wo adágún rí, wọ́n yíjú wò mí. Ní ọjọ́ kejì àwọn tó wá dínkù, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ǹṣì tó ṣófo pọ̀ ju èyí tó ní ènìyàn lọ. Èmi, nínú òye mi nígbà náà, ń rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé wọn. Mo tilẹ̀ ń ṣàánú wọn.

Ọmọbìnrin kan ló là mí lójú, ọmọ ìyá ẹlẹ́pà tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ó dúró dè mí níta, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ̀ ń lé wa."

"Èmi? Ta ni mo bá wí?"

"Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni wí, sà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bú ẹni tó jókòó tì mí, ẹ ó sọ fún ìyá mi."

"N kò ní í sọ."

"Ẹ ó sọ, sà. Àgbà ni yín."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí mo fi délé. Òótọ́ ni; bí wọ́n ti tọ́ wa náà nìyẹn, ọmọ tó bá ń já ọ̀rọ̀ gbà níwájú àgbà, ojú burúkú la fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí kíláàsì bá kú, ògbufọ̀ ni yóò tún gbẹnu mi sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo wọn lè rí mi, mo ṣí fìlà mi, mo gbé e kọ́ ara ìṣó.

"Àgbà tí ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún," ni mo wí, "òun ló dúró síta yẹn. Ẹni tó ń wọlé bọ̀ yìí, ẹgbẹ́ yín ni. Bó bá purọ́, ẹ pè é ní òpùrọ́."

Ọmọkùnrin gíga kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Bí fìlà bá gbọ́ ńkọ́?"

"Fìlà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," ni mo dáhùn.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì lè gbọ́ ọ. Nígbà tí Àǹtí Kọ́pà béèrè ohun tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí, mo ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ mi. Wọ́n fi ọmọkùnrin gíga náà ṣe adájọ́, ó jókòó sórí tábìlì. Ọmọ ẹlẹ́pà di agbẹjọ́rò fún ọkùnrin olówó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó Gẹ̀ẹ́sì mi jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa káṣú nínú koríko. Nígbà tó kan ọmọ ẹlẹ́pà láti bi mí léèrè, ó ní, "Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ẹ rí pèrègún nílẹ̀, kí ni ẹ ṣe?" Ní Gẹ̀ẹ́sì tó fi sọ ọ́, kò sí "ẹ" kankan nínú rẹ̀, ó bi mí bí ẹgbẹ́ ti ń bi ẹgbẹ́. Mo lanu láti dáhùn, omi bọ́ lójú mi. N kò tíì sunkún lórí ọ̀rọ̀ náà rí, kódà níwájú ìyàwó mi. Adájọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kún inú kíláàsì, àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró lójú fèrèsé. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò jàre.

Bí a ti gba kíláàsì là nìyẹn. A ń dá ẹjọ́ mi lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá gbè mí lónìí, wọn a dá mi lẹ́bi lọ́la, wọn a sì máa jà dé ẹnu ọ̀nà ọjà lórí rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ẹlẹ́pà, agbẹjọ́rò olówó, ń mú sí i. "Bàbá Oníkáṣú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ hú u! Ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀!" Gbogbo kíláàsì a pariwo, èmi náà a rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ibẹ̀ ló máa ń dùn mọ́ wọn jù. Díẹ̀díẹ̀ ni mo mọ ohun tí ń mú wọn jókòó. Mo mọ ibi tí wọn yóò ti rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dé ibi pèrègún, kí n dúró díẹ̀, kí n wolẹ̀, gbogbo wọn yóò mí kanlẹ̀. Bí mo bá rí i pé ọmọ kan ń wo ìta, n ó yára dé ibẹ̀. Omijé kò tún wá mọ́. Mo pè é ní ọgbọ́n. Bàbá mi a máa wí pé egbò tí a bá ń ṣí han gbogbo ayé, eṣinṣin ni yóò kọ́kọ́ mọ ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mi ń yọ̀ lẹ́nu bí epo, ọ̀gá ilé-ìwé ń dúró lójú fèrèsé gbọ́ mi, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó mi ní gbogbo ìlú.

Ọjọ́ kóòtù pé. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi. Lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́pàá kan ní, "Bàbá, ẹ ṣí fìlà." Mo ṣí i, ojú mi sì ń wá ìṣó lára òpó ilẹ̀kùn. Kò sí níbẹ̀. Mo gbé fìlà náà fún ìyàwó mi kó bá mi dì í mú.

Nígbà tí ògbufọ̀ dìde, mo ní n kò fẹ́ ẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fúnra mi, láti orí igi àkọ́kọ́ tí bàbá mi gbìn. Adájọ́ tuntun gbójú sókè, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń fẹ́. Agbẹjọ́rò ọkùnrin olówó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, dìde, ó sì bi mí ní ohun tí ọmọ ẹlẹ́pà ti bi mí: kí ni mo ṣe nígbà tí mo rí pèrègún nílẹ̀? Mo dáhùn. Mo dé ibi tí mo máa ń dúró, mo dúró, mo wolẹ̀, mo ń retí kí wọ́n mí kanlẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró fáànù àti ti bírò adájọ́ lórí ìwé. Agbẹjọ́rò náà ní irọ́ ni mo ń pa, pé n kò ní igi kankan níbẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Adájọ́ wò mí, ó tẹ orí ba, ó tún kọ nǹkan.

Nígbà tí ìdájọ́ jáde, wọ́n ní n kò fi ìdí ààlà múlẹ̀. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin náà. N kò lè sọ pé ẹ̀rín yẹn ló fà á. Adájọ́ kò dárúkọ rẹ̀. Lọ́nà ilé, ìyàwó mi gbé fìlà mi lé itan.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ bí ẹjọ́ ẹlòmíràn lẹ sọ ọ́."

A ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo bi agbẹjọ́rò mi bóyá wọn yóò tún gbọ́ tẹnu mi. Ó ní rárá, pé àwọn adájọ́ tó wà lókè kì í gbọ́ ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo ti sọ, tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, ni wọn yóò kà. Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ ni. Kò sí omijé kan nínú rẹ̀.

Àǹtí Kọ́pà parí àgùnbánirọ̀ rẹ̀, ó padà sílé, kíláàsì sì túká. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo pàdé ọmọ ẹlẹ́pà ní Ìsẹ́yìn, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn.

"Bàbá, ta ló wá jàre?"

"Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù," ni mo wí.

Ó wo fìlà tó wà lórí mi, kò sì béèrè ohun tó kù.

Tèmi ni ilẹ̀ náà. N kò dẹ́kun láti wí i, n kò sì ní í dẹ́kun. Àgbàdo ọkùnrin yẹn ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń sọ ìtàn náà fún ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú fìlà mi lórí, bóyá n ó tún rí i bó ti rí lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo máa ń dé ibi pèrègún. Mo máa ń dúró díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ara mi. Lẹ́yìn náà n ó máa bá ọ̀nà mi lọ.