Ọkọ̀ Ìje Lukman

Bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ akẹ́rù tí kìnnìún ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀ láàárín Ìpókíá sí Ìhúnbọ̀, Lukman Málọmọ́ ló yà á. Ewúrẹ́ mẹ́ta ló ti bá ojú títì yan òdì nítorí kìnnìún ọ̀hún. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sórí rọ́bà dé, onímọ́tò ò ní sùúrù kí ọ̀dà gbẹ mọ́. Oṣù márùn-ún gbáko, aláǹtakùn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Lukman. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Àgọ́sásá ti ra ọkọ́ tuntun dè é: bí iṣẹ́ ọ̀dà bá kú, kó wá máa roko ẹ̀gẹ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà tí Ọ̀gá Ọdẹkúnlé, tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá ibodè, fi mú ewé kàlẹ́ńdà kan wá. Ọkọ̀ onígbòkun ayé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń sáré ìje lórí òkun.

"Lukman, ya èyí kó kún ògiri àbáwọlé mi. Bó bá wù mí, yàrá mọ́kànlá ń dúró dè ọ́. Bí kò bá wù mí, rọ́bà ni màá lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀."

Lukman ò rí òkun rí. Ó gbé pákó ńlá tí wọ́n máa kàn mọ́ ògiri náà kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: gbogbo ọkọ̀ kàlẹ́ńdà ló tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójú ẹni tó ti kun ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún méjìdínlógún, ọkọ̀ tó bá tẹ̀, wọn ò di ẹrù rẹ̀ dáadáa ni. Àánú òyìnbó tó yà á ṣe é. Ó bá a tún un ṣe, ó na gbogbo wọn ró ṣánṣán, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sára ìgbòkun wọn bó ti yẹ ọkọ̀ gidi: SÙÚRÙ. KÒ SÉWU. ỌLỌ́RUN Ò SÙN.

Màmá Sẹ̀kínát, ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù, wá wò ó. Nígbà ọmọge rẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun rán ìgbòkun rẹ̀ ló ń gbé òun àti gààrì rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ níhà Kútọnu.

"Lukman, ta ló kú?"

"Kò séni tó kú, Màmá."

"Kí ló dé táwọn ọkọ̀ yìí dúró bí ẹni tó ń kí olókùú?"

"Ìje ni wọ́n ń sá, Màmá."

"Ìje? Ìgbín á ti dé Àjàṣẹ́, á jẹun, á tún padà wálé bá wọn níbí! Afẹ́fẹ́ dà?"

"Afẹ́fẹ́ ò ṣeé yà."

"Ẹn-ẹ́n? Dìde."

Ó já bẹ́díṣíìtì kan lórí okùn aṣọ iwájú ilé rẹ̀, ó ní kó fi ọwọ́ méjèèjì nà án. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Bẹ́díṣíìtì wú bí ikùn aláboyún ìbejì, ó sì wọ́ Lukman dé etí títì. Díẹ̀ ló kù kí àwọn aṣọ́bodè Kútọnu máa béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yára fara sẹ́yìn, ó tẹ̀ bí ọ̀pẹ ẹgbẹ́ odò.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Mo tẹ̀ ni, Màmá, kó má baà gbé mi lọ!"

"Ohun tó ń ṣe wọ́n náà nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń sáré ló ń tẹ̀. Àwa èrò á sì sáré jókòó sí apá tó ga, kó má dojú dé."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Lukman fi ha ọ̀dà kúrò, tó sì tún un yà. Ó tẹ àwọn ọkọ̀, ó mú kí ìgbòkun wọn wú sápá kan náà, ó to èrò sí apá tó ga. Ọ̀rọ̀ ara ìgbòkun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ò gbà láti pa rẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gá Ọdẹkúnlé dé, ó dúró síwájú pákó náà. Ó ń wò ó títí, ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ di fìlà mú.

"Àmọ́ kí ni 'Ọlọ́run ò sùn' ń wá lára ọkọ̀ òyìnbó?"

"Ọ̀gá, ẹ wo bí omi ṣe ń ru. Ṣé kí wọ́n má gbàdúrà ni?"

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Yàrá àkọ́kọ́ wà lókè. Gbé àkàbà rẹ wá lọ́la."

Lukman ò tíì ra ọ̀dà tó fi gba ilé Màmá Sẹ̀kínát lọ, ó lọ yá bẹ́díṣíìtì tó fi mọ afẹ́fẹ́.